Títì àdúgbò l'Ékòó: ta ló ni í, owó wo ni wọ́n fi ń ṣe é, báwo ló ṣe ń wọ ètò ìṣúná?

Akọ̀wé CDA

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni akọ̀wé CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. Títì kan ni mo fẹ́ béèrè nípa rẹ̀. Ó gùn ní mítà 420, ó fẹ̀ ní mítà 6, ó wà lábẹ́ LCDA kan (káńsù tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀) l'Ékòó. Kò ní gọ́tà, òjò sì ti jẹ ẹ̀gbẹ́ kan lọ. Káńsù ní kí àwọn ará àdúgbò lọ sí Aláùsá, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, Aláùsá ní káńsù ló ni títì.

Ta ló ni ín ní tòótọ́? Àpò wo ni owó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń jáde, báwo ni títì kan sì ṣe ń dé inú ètò ìṣúná? Àwọn kan sì ní kí gbogbo ilé dá owó, kí wọ́n fi ìńtálọ́ọ̀kì tò ó. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Ẹ jọ̀ọ́, òǹkà àti ìgbésẹ̀ ni mo ń wá, ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú sílẹ̀.

Ọmọ Ìṣúná

Ẹ kú àfaradà, Akọ̀wé. Ẹni tó ni títì ló ni àpò, torí náà ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Òfin 1999, nínú Àfikún Kẹrin, gbé kíkọ́ àti àtúnṣe títì, iná ojú títì àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó dá yín padà ní Aláùsá kò parọ́. Àmọ́ káńsù náà ní ìdí tirẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 péré ni Ìwé Òfin yẹn kà fún Èkó. Àwọn LCDA 37 tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003 kò sí nínú rẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sì sọ ní 2004 pé ìdásílẹ̀ wọn kò tíì pé títí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi ṣe tirẹ̀ lórí i. Owó tí Abuja ń fi ránṣẹ́ fún 20 ni káńsù 57 jọ ń pín. Ọbẹ̀ ẹni 20 ni, àlejò 37 sì ti jókòó.

Lójú títì, ọwọ́ mẹ́ta ló pín sí. Àwọn bí Ikorodu Road, Apapa–Oshodi àti Lagos–Abẹ́òkúta jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. FERMA, àjọ àtúnṣe títì ti ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tún wọn ṣe. Ti ìpínlẹ̀, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde Èkó ló ń kọ́ wọn, LSPWC, àjọ iṣẹ́ òde ìpínlẹ̀, ló ń dí ihò ojú wọn. Títì tó kù, tó wọ àárín ilé sí ilé, ti káńsù ni. Ẹ má fi ẹnu gbà á o: ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde káńsù kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé títì wọn ni. Ìwé yẹn ló máa pa ẹnu ẹni tó bá tún fẹ́ jù yín síbí jù yín sọ́hùn-ún.

Ó wá kan owó. Nínú àpò àpapọ̀ orílẹ̀-èdè, ìjọba àpapọ̀ ń mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ 26.72%, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20.60%. Nínú VAT (owó orí ọjà), 35% ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé Òfin ní kí owó yìí gba inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí ó máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù. Yálà ó gba ọ̀nà kìíní tàbí ìkejì, owó oṣù òṣìṣẹ́, owó olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ló ń kọ́kọ́ jáde níbẹ̀ kí ó tó kan kólítà.

Owó abẹ́lé tó bá títì àdúgbò tan jù ni Land Use Charge. Òfin 2001 ló pa owó ilẹ̀, owó ilé àti owó àtúnṣe àdúgbò pọ̀ di ẹyọ kan. Wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2018 àti ní 2020. Bí ẹ bá ń kọ̀wé, ẹ ka iye ilé tó wà ní títì náà, kí ẹ sì so rìsíìtì àwọn tó ti san ti ọdún yìí mọ́ ọn. Lẹ́tà tí rìsíìtì 40 wà lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ sí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀.

Ìpínlẹ̀ ní owó orí tí LIRS, àjọ owó orí Èkó, ń gbà, ó sì lè yá owó tàbí kí ó ta bọ́ǹdì (ìwé gbèsè). Ṣùgbọ́n ta ni yóò ta bọ́ǹdì nítorí mítà 420? Afárá àti títì ńlá ni wọ́n ń fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú títì kékeré wọ ibẹ̀ ni kí ó so títì ńlá méjì pọ̀, kí ọkọ̀ lè yà gba ibẹ̀ nígbà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Bí ti yín bá rí bẹ́ẹ̀, orí ìlà àkọ́kọ́ nínú lẹ́tà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bí kò bá já síbì kankan, ọ̀dọ̀ káńsù ni kí ẹ gbájú mọ́, ẹ má fi owó ọkọ̀ ṣòfò lọ sí Aláùsá.

Ní ti àkókò, oṣù kìíní sí oṣù kejìlá ni ọdún ìṣúná. Láàárín ọdún ni wọ́n ń ní kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan mú ohun tó fẹ́ ṣe wá, nǹkan bí oṣù kọkànlá sì ni àbá máa ń dé iwájú àwọn aṣòfin. Ẹni tó gbé lẹ́tà lọ ní oṣù kejìlá ti pẹ́ ní ọdún kan gbáko. Kí oṣù kẹfà tó parí, kí fáìlì yín ti wà lọ́wọ́ wọn: CDA kọ ọ́, CDC (ìgbìmọ̀ tó kó àwọn CDA jọ) tò ó mọ́ ti àwọn àdúgbò yòókù, kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù gbé e dé ilé ìgbìmọ̀ káńsù, ẹ̀ka iṣẹ́ òde wá wọn títì náà.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí: ìlà nínú ètò ìṣúná kì í ṣe owó. Bí owó tó wọlé bá kéré sí èyí tí wọ́n fojú sọ́nà fún, iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ ṣáájú, tuntun á dúró. Ìlà tí wọ́n kàn kọ "àtúnṣe oríṣiríṣi títì" sí ló wá burú jù, torí ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè ná an sí. Ẹ jà fún un kí orúkọ títì yín, gígùn rẹ̀ àti irú iṣẹ́ náà hàn lórí ìlà tirẹ̀.

Ẹnjinía Gọ́tà

Ọmọ Ìṣúná ti tú àpò wò. Ohun tó yẹ kó wà nínú fáìlì ni èmi fẹ́ sọ, torí "ẹ bá wa da kólítà" ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà àwọn CDA, wọn kì í sọ ibi tí omi yóò gbà lọ. L'Ékòó, omi ń pa títì ju ọkọ̀ lọ.

Ẹ gba sọ̀fíà tó ní ìwé àṣẹ. Kí ó wọn gíga ilẹ̀ ní gbogbo mítà 20, àárín àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì wọn ìsàlẹ̀ kánààlì tí ẹ fẹ́ da omi sí. Ìwọ̀n tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń sọ bóyá iṣẹ́ yóò ṣeé ṣe.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ó kéré tán, gọ́tà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní mítà 0.3 nínú mítà 100 kọ̀ọ̀kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yanrìn á jókòó sínú rẹ̀. Lórí mítà 420, ó di mítà 1.26. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, gọ́tà tó jìn ní mítà 0.6 lókè yóò jìn ní mítà 1.86 nísàlẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ kánààlì bá ga ju ibẹ̀ lọ, omi inú kánààlì ló máa padà wá kí yín nílé. Bí ibi ìdàsí omi bá wà ní orí méjèèjì, ẹ gbé àárín títì sókè, kí omi pín sí ọ̀nà méjì, mítà 210 níhìn-ín, 210 lọ́hùn-ún. Ìjìn tí ẹ ó fi kún un á wá di mítà 0.63 péré.

Kánààlì ńlá kò sí lábẹ́ káńsù. Iléeṣẹ́ àyíká ìpínlẹ̀, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀nà omi, ló ni ín. Ẹ gba ìwé ìfọwọ́sí wọn kí ẹ tó lu ògiri kánààlì láti so gọ́tà mọ́ ọn.

Ó kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́ta, tó jìn ní mítà 1 sí 1.5, ẹ kó erùpẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá jẹ́ iyanrìn, ẹ dúpẹ́. Bó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú tó ń rùn, kò sí kólítà tó máa dúró lórí rẹ̀: wọ́n gbọ́dọ̀ kó o dànù, kí wọ́n fi ṣáàpù sáǹdì rọ́pò rẹ̀. Owó yẹn nìkan lè tó owó kólítà, torí náà ó sàn kí ẹ tètè mọ̀ ju kí kọńtírákítọ̀ wá rí i nígbà tó ti gba iṣẹ́.

Fún títì àdúgbò tí tírélà kì í gbà, ìpele tó mọ́gbọ́n wá nìyí: láteráìtì (erùpẹ̀ pupa) 150mm tí CBR rẹ̀ (ìwọ̀n agbára rẹ̀ láti gbé ẹrù) kò dín sí 30%, òkúta tí wọ́n lọ̀ 150mm tí CBR rẹ̀ kò dín sí 80%, ọ̀dà olómi tí wọ́n ń fọ́n sórí òkúta, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán, lẹ́yìn náà kólítà 50mm. Àárín títì ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní 75mm, kí omi lè dà sí gọ́tà lápá méjèèjì.

Ìwọ̀n ẹrù rẹ̀: ojú títì náà jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2,520. Kólítà 50mm jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 302, ìyẹn ọkọ̀ 10 tàbí 11 tó ń gbé tọ́ọ̀nù 30. Òkúta jẹ́ 378m³ tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó sún mọ́ tọ́ọ̀nù 800, ọkọ̀ 27. Láteráìtì náà jẹ́ 378m³ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, àmọ́ lórí tipa á tó 480m³. Ẹni tó bá fi 378 ra láteráìtì yóò padà wá tọrọ owó.

Wàyí o, ẹ wo gọ́tà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jẹ́ mítà 840. Bí inú rẹ̀ bá jẹ́ 600mm sí 600mm, tí ògiri àti ìsàlẹ̀ sì nípọn ní 150mm, kọnkéré 0.315m³ ló ń lọ sórí mítà kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 265m³. Ní 1:2:4 (símẹ́ńtì, yanrìn, òkúta), ìyẹn tó àpò símẹ́ńtì 1,700, ẹ ò tíì ka rọ́ọ̀dù, pákó àti ìdérí ẹnu géètì. Mo jẹ́ kí gọ́tà jìn bákan náà ní gbogbo mítà nínú ìṣirò yìí, torí náà ẹ mọ̀ pé ibi tó bá jìn jù yóò gba sí i. Gọ́tà ló ń jẹ owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e kúrò nígbà tí owó bá kéré, tí kólítà á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣí láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn òjò méjì. Bí owó kò bá ká méjèèjì, ẹ ní kí wọ́n ṣe gọ́tà àti òkúta lọ́dún yìí, kí kólítà dúró de ọdún tó ń bọ̀. Ó máa bí ará àdúgbò nínú, ṣùgbọ́n títì á pẹ́.

Kí wọ́n tó da ohunkóhun, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ iná àti ti omi nítorí òpó àti páìpù tó wà lọ́nà. LASIMRA ló ń bójú tó wáyà àti fáíbà. Ẹ ní kí wọ́n ri páìpù PVC mọ́lẹ̀ kọjá lábẹ́ títì ní gbogbo mítà 50. Bí ẹ kò bá ṣe é, oṣù mẹ́fà kò ní pé tí ẹnì kan á fi wá gé kólítà tuntun nítorí páìpù omi ilé rẹ̀.

Aṣírò Iṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjinía, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ìńtálọ́ọ̀kì.

Ó dára fún títì tí ọkọ̀ kì í sáré níbẹ̀, àǹfààní ńlá tó sì ní ni pé ẹ lè tú u ká kí ẹ tún tò ó padà bí páìpù bá bẹ́. Ṣùgbọ́n 80mm ni ti ibi tí ọkọ̀ ń gbà. Òkúta 60mm tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ti ẹsẹ̀ ni. Abẹ́ ọkọ̀ tó gbé omi tàbí yanrìn ló ti máa fọ́. Òkúta 200mm sí 100mm, 50 ló ń wọ mítà onígun mẹ́rin kan. Fún 2,520, ó jẹ́ 126,000. Ẹ fi 5% kún un fún èyí tó máa fọ́ àti èyí tí wọ́n máa gé, ó di 132,300.

Ohun tó ń bà á jẹ́ kò pọ̀, àmọ́ àwọn kan náà ni a ń rí níbi gbogbo. Àkọ́kọ́, wọn kì í ṣe kẹ́ẹ̀bù (òkúta etí títì) tó dúró nínú kọnkéré lẹ́gbẹ̀ẹ́, òkúta á wá máa sún síta díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi là. Ìkejì, wọ́n ń fi iyanrìn dí ibi tó jìn kòtò. Iyanrìn abẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì kò gbọ́dọ̀ ju 30 sí 40mm lọ, kí ó sì dọ́gba. Òkúta ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi tẹ́ ilẹ̀, kì í ṣe iyanrìn. Ìkẹta, wọ́n ń tò ó ní ìlà gbọọrọ bíi bíríkì ògiri, táyà á sì máa tì í síwájú. Kí wọ́n tò ó bí eegun ẹja, kí ó dábùú ara wọn.

Ní ti kí ará àdúgbò dá gbogbo owó rẹ̀, mi ò fara mọ́ ọn. Bí títì bá ti dára, orúkọ rẹ̀ á kúrò lórí àkọsílẹ̀ káńsù, gọ́tà tí ẹ ò lágbára láti ṣe á wá di ti yín títí láé. Ẹ fi owó yín ra ohun tí ìjọba kì í yá kánkán ṣe: iṣẹ́ sọ̀fíà, yíyẹ erùpẹ̀ wò, ìwé ìṣirò iye iṣẹ́, wíwó àtẹ̀gùn àti ṣọ́ọ̀bù tó ti yọ sórí ilẹ̀ gọ́tà. Fáìlì tó bá ti ní èyí tán, ó rọrùn fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde láti gbé e jáde nígbà tí owó díẹ̀ bá ṣẹ́kù ní ìparí ọdún. Ohunkóhun tó wù kí ẹ fọwọ́ kàn lójú títì, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ káńsù.

Ọmọ Ìṣúná

Mo fara mọ́ ti Aṣírò, àfi apá kan. Títì tí káńsù ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí nínú ètò ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀, tó sì kúrú tó mítà 100 sí 150, ará àdúgbò lè ṣe é kí wọ́n má fi ọdún mẹ́ta rìn nínú ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ àdéhùn pé káńsù ni yóò máa tún un ṣe. Mítà 420 kì í ṣe iṣẹ́ owó ìdájọ.

Ará Peckham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ní London níbí, káńsù ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú títì. TfL, àjọ ìrìnnà London, ń mójú tó nǹkan bí 5% péré, àwọn títì ńlá. Ohun tí mo rò pé ó yẹ kí Èkó wò ni bí wọ́n ṣe so owó mọ́ títì. Èrè tí káńsù bá jẹ lórí owó páàkì ojú títì, òfin 1984 kò jẹ́ kí wọ́n kàn dà á mọ́ owó yòókù. Ọ̀rọ̀ ìrìnnà àti títì ló wà fún jù lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá kọ́ ilé ńlá ń san owó kan tí wọ́n ń pè ní CIL, wọ́n sì ń yọ 15% nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àdúgbò tí ilé náà wà. Bí àdúgbò bá ní ètò tirẹ̀ tí ará ibẹ̀ dìbò fún, ó di 25%.

Ọmọ Ìṣúná

Ẹ ṣeun, ará òkè òkun. Èyí tó jọ ọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni Àṣẹ Ààrẹ 7 ti 2019: ó fàyè gba ilé-iṣẹ́ láti fi owó ara rẹ̀ kọ́ títì, kí ó sì yọ ọ́ nínú owó orí tó yẹ kó san. Ọ̀nà yẹn ni Dangote gbà ṣe Apapa–Oshodi–Oworonshoki. Títì àdúgbò kò sí nínú rẹ̀.

Akọ̀wé CDA

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bá yín ṣe é. Ìbéèrè kan ló kù: bí kọńtírákítọ̀ bá wá dé, kí ni ará àdúgbò tí kì í ṣe ẹnjinía lè máa ṣọ́ láìdá iṣẹ́ dúró?

Ẹnjinía Gọ́tà

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé iye iṣẹ́ àti àwòrán lọ́wọ́ káńsù. Bí ẹ kò bá mọ̀ pé 150mm ni wọ́n kọ, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé 80 ni wọ́n dà?

Lọ́jọ́ òkúta, ẹ fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ihò kékeré sí ibi mẹ́ta, kí ẹ fi rúlà wọn ọ́n. Kí wọ́n da omi díẹ̀ sí i kí rólà tó gun orí rẹ̀. Òkúta gbígbẹ kì í di. Lọ́jọ́ kólítà, bí òjò bá ń rọ̀ tàbí tí omi ṣì wà lójú òkúta, kí wọ́n dá ọkọ̀ padà. Kólítà tó ń gbóná ní 130°C sí 150°C ni kí wọ́n dà, kí rólà sì parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wálẹ̀ sí nǹkan bí 85°C. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá ọkọ̀ dúró títí kólítà fi dì gbagidi nínú rẹ̀, tí wọ́n ń fi dígà họ ọ́, kò wúlò mọ́. Ẹ gba ìwé ìwọ̀n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ro ó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 220 dípò 302, kólítà náà kò lè nípọn ju 36mm lọ, ẹ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ìyẹn.

Ní ti gọ́tà, ẹ da omi sí i lókè kí wọ́n tó bò ó, kí ẹ sì rìn tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀. Ibi tí omi bá dúró sí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i.

Iṣẹ́ ìjọba sábà máa ń di apá kan owó kọńtírákítọ̀ mú, 5% ni ó wọ́pọ̀, títí àkókò àyẹ̀wò àléébù, oṣù 6 tàbí 12, yóò fi kọjá. Ẹ béèrè ọjọ́ tí àkókò yẹn máa parí, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì CDA. Bí ó bá ku oṣù kan, ẹ ya àwòrán gbogbo ibi tó là, tó rì tàbí tí omi ń dúró sí, ẹ kọ iye mítà tó jìnnà sí orí títì, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, kí wọ́n buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín. Tí wọ́n bá ti san 5% yẹn tán, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà mìíràn láti oṣù kìíní.